Ìsọ̀ Ìyá Mi Kò Ṣófo Lọ́jọ́ Ìsinmi

Nígbà tí èmi Bísí yìí ṣì kéré ní Èjìnrìn, tí mò ń bá ìyá mi ru ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà… ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí Dàpọ̀ náà gbọ́, ẹni tó ní iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ṣé ìgbà yín ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni?

Ọjà wa ìgbà náà, yíyí ló ń yí. Ó lè bọ́ sí Mọ́ńdè, ó lè bọ́ sí Jímọ̀, ó sì lè bọ́ sí Sọ́ńdè. Tó bá ti bọ́ sí Sọ́ńdè, ìyá mi ò ní lọ. Wọn ò lọ náà nìyẹn. Ẹ̀yin ìsinsìnyí, ẹ ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó máa wo ṣọ́ọ̀ṣì nínú fóònù…

Bàbá tó ń pín ìsọ̀ wá bá wa nílé. Ó ní ìsọ̀ etí omi ni tiwa, gbogbo ayé ló ń fẹ́ ẹ, tó bá tún ṣófo lọ́jọ́ ọjà, òun á fún ẹlòmíràn. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn. Ìsọ̀ yẹn ló ń bọ́ wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ìyá mi kàn wò ó. Wọ́n ní, “Bàbá, òwúrọ̀ Sọ́ńdè ni Jésù jí dìde fún mi. Ṣé kí n wá sọ fún un pé ẹja ni mò ń tà, n ò ráyè wá kí i?”

Ọjà tún bọ́ sí Sọ́ńdè. Agogo lù, a lọ. Èmi ò lè kọrin, ọkàn mi wà lọ́jà. Ìyá mi ńkọ́? Orin wọn ń mi òrùlé! Bí a ṣe parí, mo sáré lọ sétí omi.

Ìsọ̀ wa kún fún ẹní. Ìyá Mórúfù, Mùsùlùmí ará Ẹ̀pẹ́ tó ń ta ẹní lẹ́yìn ọjà, ló jókòó síbẹ̀. Bàbá tó ń pín ìsọ̀ dúró níwájú wọn, ó ń bi wọ́n pé ta ló ni ibẹ̀.

Ìyá Mórúfù ní, “Ìyá Bísí ló ni ín. Wọ́n lọ kí Ọlọ́run wọn. Tí mo bá lọ kírun Jímọ̀, ṣé kì í ṣe àwọn ló ń ṣọ́ ẹní mi? Ẹ wò ó dáadáa, bàbá. Ṣé ó ṣófo?”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Nígbà tí ìyá mi dé, orin ni wọ́n fi wọ ọjà! Inú mi dùn dé ibi tí mo fi sunkún. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin yòókù náà fi ń ṣọ́ ìsọ̀ fún ara wọn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Ìsọ̀ yẹn kò bọ́ lọ́wọ́ wa títí ìyá mi fi re ọ̀run, wọn ò sì pa Sọ́ńdè kan jẹ.

Ó wá ku ìwọ Dàpọ̀. Níbi iṣẹ́ yín ní Ìkòròdú níbí, nígbà Iléyá tó kọjá, ta ló dúró fún Sùlé ọ̀rẹ́ rẹ kó lè lọ kírun?

Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó lóun ni.

Ó tán, ọmọ mi. Pe Sùlé. Sọ fún un pé màmá ẹ ní kó wá jókòó sí ìsọ̀ ẹ ní Sọ́ńdè.