Abẹ́rẹ́ Mẹ́ta Nínú Fìlà Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó ṣépè fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa ṣépè. Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún ìyá tó bí mi. Mo ba ayé obìnrin kan jẹ́, kò sì sí ẹni tó fura sí mi rí. Ohun tó mú kí n sọ ọ́ báyìí ni èsì tí ìyá ọkọ mi fún mi ní Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí mo rò pé mo ti rí ẹni tó máa bá mi sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì ní àdúgbò Under G níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Alhaja, ń gbé títí di òní. Àbúrò kan ṣoṣo ni ọkọ mi ní, obìnrin ni, aránṣọ ni. Nígbà náà, òun náà wà nílé ọkọ rẹ̀ l'Ọ̀yọ́. Òun ni mo ṣẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Adúmáadán ni mo ń pè é. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti bí i sílé náà kí n tó wọlé, èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i. Òun á wá dá mi lóhùn lórí ìdúró pé, "Ìyàwó, ṣé dáadáa lo wà?" bí ẹni ń kí ọmọ ọ̀dọ̀. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi rí i.

Nígbà tí mo lóyún, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí a ti ṣègbéyàwó, ọkọ mi kó ẹrù kúrò nínú yàrá kékeré tí à ń kó àpò gààrí àti jẹnẹrétọ̀ sí. Ó kùn ún. Yàrá náà kéré débi pé bí ènìyàn méjì bá wọ̀ ọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jáde kí èkejì tó lè yí ẹ̀yìn padà. Ṣùgbọ́n yàrá ọmọ mi ni. Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ sí Ọjà Igbó, mò ń ṣa aṣọ ọmọ nínú òkìrìkà. Mo máa ń fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń sá wọn sóòrùn, mo máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Mo tò wọ́n sínú páálí mẹ́rin, mo fi máàkà kọ ọ́ sára wọn: ti ọmọ tuntun, ti oṣù mẹ́ta, ti oṣù mẹ́fà, ti ọlọ́dún kan. Bí mo bá ti iléèwé dé, mo máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo máa ń ṣí páálí wò lásán.

Oyún náà ti wọ oṣù keje nígbà tí Adúmáadán dé láì sọ tẹ́lẹ̀. Ó di pákó sórí bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́ wá. Pákó ṣẹ́ẹ̀fù tí Alhaja fi ń to mílíìkì àti ọṣẹ ni, kí ó tó kógbá ọjà rẹ̀ wọlé. Ó ti pe kápẹ́ńtà kan láti àdúgbò Takie sílẹ̀. Wọ́n gé pákó náà, wọ́n fá a, wọ́n kàn án mọ́ ògiri láti òkè délẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Ọkọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín kiri ni. "Ṣé o rí àbúrò mi? Pákó tí Màámi fẹ́ fi dáná!"

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Iṣẹ́ náà dára. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lẹ́yìn náà ni Adúmáadán ṣí páálí mi. Àwọn obìnrin méjì tí a jọ ń gbé àdúgbò ti wá wòran. Ó fi ìka méjì gbé ṣòkòtò kékeré kan sókè. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ọmọ lo fẹ́ bí ni àbí ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà lo fẹ́ ṣí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò ní wọ aṣọ tí ọmọ òyìnbó ti tọ̀ sí."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, mo dúpẹ́.

Ó kó gbogbo aṣọ mi sínú àpò ìrẹsì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán ló tò sórí ṣẹ́ẹ̀fù. Gáùn, fìlà, ìró pínníṣín. Ó to ti ọmọ tuntun sí ibi tí ọwọ́ tètè ń tó, ó to àwọn tó tóbi sókè. Ó gé kẹ́ẹ̀gì òróró láàárín, ó fi àǹkárá bo ara wọn, ó kó fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ sínú wọn. Ó rán kọ́tìnnì síwájú ṣẹ́ẹ̀fù kí eruku má bàa wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá náà kọjá, mo rí i tó di gáùn kan mọ́ àyà. Omi wà lójú rẹ̀. Ọdún keje tó ti wà nílé ọkọ nìyẹn, kò tíì bímọ. Ẹlòmíràn ì bá ṣàánú rẹ̀. Èmi, inú ló bí mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ó ti gba yàrá lọ́wọ́ mi, ó kù kó gba ọmọ.

Mo bí obìnrin. Alhaja wá láti tọ́jú wa. Ojoojúmọ́ ni Adúmáadán ń pè láti Ọ̀yọ́. "Èyí tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù kejì ni kó wọ̀ lónìí. Ẹ má fi tọ̀túnla wọ̀ ọ́ lónìí o." Bí mo bá mú nǹkan mìíràn, Alhaja á ní, "Jẹ́ ká ṣe bó ṣe wí. Òun ló mọ̀ nípa aṣọ." Èmi tí mo bí ọmọ, mi ò lè yan ohun tí ọmọ mi máa wọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣíwájú ìsọmọlórúkọ ni mo ṣe é. Alhaja ń sùn, ọmọ náà ń sùn. Adúmáadán ti gbàgbé bébà abẹ́rẹ́ kan sórí ṣẹ́ẹ̀fù nígbà tó ń rán kọ́tìnnì. Mo mú mẹ́ta níbẹ̀. Mo gún wọn sí abẹ́ aṣọ inú fìlà tó ní kí ọmọ dé lọ́jọ́ kejì, mo kọ ṣóńṣó wọn sínú. Mo dá fìlà náà padà sí àyè rẹ̀. Mo lọ fún ọmọ lọ́mú.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí Alhaja rí i, kó sọ pé ọmọ òun ò fara balẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi to aṣọ ọmọ mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé Alhaja máa ń fọwọ́ wo inú aṣọ kó tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Àbí kí ẹ má gbà mí gbọ́. Èmi gan-an kì í gba ara mi gbọ́ nígbà mìíràn, torí ẹyọ kan ì bá tó. Kí ni mo fi mẹ́ta ṣe?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaja ki ọwọ́ bọ fìlà náà, ó pariwo. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní ìka rẹ̀. Ó yọ ọ̀kan. Ó yọ èkejì. Nígbà tó yọ ẹ̀kẹta, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sílẹ̀.

"Mẹ́ta," ó ní. "Fún orí ọmọ. Torí pé òun ò bí."

Mo gbọ́ ọ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo jẹ́ kó máa lọ.

Adúmáadán dé ní bí aago mẹ́sàn-án, ó gbé kúlà mọ́ín-mọ́ín lérí. Áfáà àti àwọn àlejò ti jókòó lábẹ́ kánópì. Alhaja pàdé rẹ̀ ní ẹnu géètì, ó fọ́ ọ létí. Kúlà náà bọ́.

"Kí ni orí ọmọ yìí fi ṣe ọ́?"

"Màámi, kí ni mo ṣe? Wàláì, mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ!"

Alhaja na abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lójú. Adúmáadán ní kí wọ́n gbé Kùránì wá kí òun búra. Wọn ò gbé e. Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó, bá mi sọ fún wọn. O wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń to aṣọ. Ṣé o rí mi kí n fi abẹ́rẹ́ sínú fìlà?"

Mo wolẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ to aṣọ."

Gbólóhùn méjì yẹn ni mo sọ. Ọkọ mi ní kó má tẹ ilé òun mọ́ láéláé. Nígbà tí àlejò túká, ó fi àáké fọ́ ṣẹ́ẹ̀fù náà kúrò lára ògiri, ó kó o sẹ́yìn ilé pẹ̀lú gbogbo aṣọ, ó dáná sun ún. Mo gbé ọmọ mi lọ́wọ́, mo ń wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fa àpò ìrẹsì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní mo fẹ́ sọ òtítọ́: inú mi dùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú mi fi ń dùn.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ọ̀yọ́. Àwọn àna rẹ̀ lọ bá Alhaja pé ṣé lóòótọ́ ni. Alhaja ní lóòótọ́ ni. Wọ́n ní ohun tó ń ṣe ọmọ tiwọn náà nìyẹn tí kò fi bí. Kí ọdún tó parí, ọkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó gba yàrá kan, ó gbé máṣíìnì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Títí dòní, àwọn ìyá ọlọ́mọ kì í gbé aṣọ ọmọ fún un rán.

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Mi ò sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, mo máa ń rántí ìka méjì tó fi gbé ṣòkòtò ọmọ mi sókè, inú á tún bí mi.

Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ Alhaja kò gbé e mọ́. Mo máa ń lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ láti fọ aṣọ rẹ̀. Ìyá kan tó ń gbé yàrá kejì ló ń gbé oúnjẹ fún un, Alhaja sì máa ń ṣàdúrà fún ìyá náà títí. Lóṣù tó kọjá, mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé, mo bá Adúmáadán níbẹ̀, ó ń gbé fúláàsì oúnjẹ lé ìyá náà lọ́wọ́. Ó ti rù. Mi ò tètè dá a mọ̀.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde, jàre. Má sọ fún Màámi pé o rí mi. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mò ń sè é, wọn ò ní jẹ ẹ́."

Ó ń lọ, ó tún padà. "Mi ò mọ ẹni tó ṣe é fún mi, ìyàwó. Ṣùgbọ́n mi ò dárí jì í. Bí mo bá kírun àsùbá, mo máa ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run pé mi ò dárí jì í."

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀ níwájú Alhaja, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ó máa pariwo. Mo rò pé ó máa ní kí wọ́n lọ pe ọmọ òun wá. Mo tiẹ̀ ti múra pé kó lù mí.

Ó wá ní, "Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, mà."

"Má sọ ọ́ mọ́."

Mo ní, "Alhaja, ọmọ yín ni."

"Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni!" Ojú rẹ̀ le bí òkúta. "Èmi ni mo fọ́ ọ létí níwájú Áfáà. Èmi ni mo sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé lóòótọ́ ni. Ẹnu wo lo fẹ́ kí n fi pè é padà? Ilé kan ti tú. O ò ní tú ilé ọmọkùnrin mi náà. Bí o bá sọ ọ́ lójú ayé mi, mi ò ní forí jì ọ́. Gbé oúnjẹ mi wá."

Mo ṣí fúláàsì náà fún un. Mo ní, "Òun ló ń sè é, mà. Láti ọjọ́ yìí wá, òun ni." Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń jẹ lọ. Ó jẹ ẹ́ tán. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi wọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé kí n máa gbàdúrà. Mo ti gbà á. Ohun tí mò ń bi yín nìyí: ṣé kí n pa ọ̀rọ̀ Alhaja mọ́ títí yóò fi kú, kí ọmọ rẹ̀ jókòó síta lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ bí àjẹ́? Àbí kí n sọ fún ọkọ mi, kí èmi náà kó ẹrù mi, kí ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà mọ ohun tí mo fi fìlà rẹ̀ ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ bú mi kí ẹ tó gbà mí nímọ̀ràn, ó tọ́ sí mi.

Adúmáadán, bí ẹnìkan bá ka èyí sí yín létí, ẹ máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mi ò fẹ́ràn yín nígbà náà, bí mo bá sì ní mo fẹ́ràn yín báyìí, irọ́ ni. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ yí àdúrà yín padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún kírun, ẹ dárúkọ mi. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan.