Wákàtí Kan Tí Mo Fi Sọ Bàbá Olóṣù Di Òpùrọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á tán. Ọdún mẹ́rin ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ba orúkọ àgbàlagbà kan jẹ́ ní Owódé níbí, mo mọ̀ pé mo bà á jẹ́, mo sì dákẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni Lèmọ́mù wa ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gba ìjókòó bàbá náà. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì.

Kí n tó jẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò ní jẹ́wọ́. Físíìsì àti ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ ni mo kà ní yunifásítì. Mo kà á yanjú. Bí wọ́n bá ní kí n tún un kà lọ́la, màá tún un kà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò sí níbẹ̀, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Ládàánì ni bàbá mi, òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Nígbà tí àwọn èèyàn gbọ́ ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́, ariwo ta. Wọ́n ní ọmọbìnrin ládàánì fẹ́ di awòràwọ̀. Ìyá kan tiẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi pé kí n wo ìràwọ̀ ẹ̀, kí n sọ ibi tí ọkọ ẹ̀ yóò ti wá. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà sí wa tó la ń kọ́, a kì í wá ọkọ níbẹ̀." Ó pòṣé. Ó ní kí ló wá wúlò fún.

Ojú ti bàbá mi. Ó ní tí mo bá ti parí ọdún kìíní, kí n fi sílẹ̀, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ìgbà tí ààwẹ̀ ọdún náà fẹ́ parí, tí mo wà nílé fún ìsinmi, ló pè mí. Ó ní, "Ó dáa. Tí ẹ̀kọ́ ẹ bá wúlò lóòótọ́, sọ ọjọ́ tí oṣù máa lé fún wa."

Ẹ wo ìdánwò tí wọ́n gbé ka iwájú ọmọ ọdún kìíní! Mo wá ìwé ìṣirò kan tó ń sọ àkókò tí òṣùpá ń wọ̀. Ó ní ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni òṣùpá yóò wọ̀ lágbègbè wa. Ti oòrùn ńkọ́? Mi ò wò ó nínú ìwé. Kí ni mo fẹ́ wò? Ọmọ ládàánì ni mí, mo mọ aago tí bàbá mi ń dìde lọ pe ìrun àṣálẹ́, gẹ́rẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìyẹn ni pé òṣùpá yóò ti wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kò sẹ́ni tó lè rí i. Mo sọ fún bàbá mi pé kò ní lé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo jàmáà pé jọ sí gbangba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, bí a ṣe máa ń ṣe. Ìkùukùu bo ojú sánmà. Bàbá kan wà níbẹ̀, àgbẹ̀ ni, Bàbá Olóṣù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ojú ẹ̀ mú ju ojú gbogbo wa lọ, ọdún gbọọrọ ló fi jẹ́ pé òun ló ń kọ́kọ́ rí oṣù. Ó ní àpótí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lèmọ́mù, ẹlòmíì kì í jókòó síbẹ̀. Ìkùukùu là díẹ̀, kíá ló tún padé. Bàbá fò dìde. "Oṣù ti lé! Mo rí i!"

Òun nìkan ló rí i. Bàbá mi wá pè mí síwájú. Mo sọ ọ́ fún wọn láìwojú bàbá pé kò ṣeé ṣe, òṣùpá ti wọ̀ ṣáájú oòrùn, bóyá ìkùukùu ni wọ́n rí. Lèmọ́mù ronú, ó ní a ò lè gba ẹ̀rí náà. Rédíò pàápàá sọ lẹ́yìn náà pé wọn ò rí oṣù níbi kankan. A gba ààwẹ̀ náà pé ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ló ti dùn mí jù. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí oṣù, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ ọdún lójú tirẹ̀, èèwọ̀ sì ni kó gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Bàbá bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Ará ilé ẹ̀ kan rí i, ó sì pariwo. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yí Bàbá Olóṣù padà sí Bàbá Ajẹunlọ́sàn-án. Wọ́n gbé àpótí ẹ̀ kúrò.

Inú bàbá mi dùn ṣìnkìn. Ó ní kí n padà sí yunifásítì mi.

Ọdún kejì mi ni olùkọ́ wa ń ṣàlàyé irú ìwé ìṣirò yẹn. Ó ní àkókò àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ká má gbàgbé láti fi wákàtí kan kún un kó tó di tiwa. Háà! Mo tún un ṣírò, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni òṣùpá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Oòrùn ti lọ, òṣùpá ṣì wà lókè fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì, tín-ín-rín bí èékánná. Bàbá rí i.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mi ò ṣe é. Tí mo bá sọ ọ́, wọn yóò ní, "Àwa ò wí?" Wọn yóò sì já mi kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà. Mo yan ẹ̀kọ́ mi, mo fi orúkọ bàbá sanwó ẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ọsàn lọ kí bàbá. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Àwọn ará ilé ní wọn kì í gbójú sókè mọ́. Bàbá ní, "Ọmọ ládàánì, ṣé ìwé ẹ ò tíì rí oṣù mi?"

Mo ní, "Kò tíì rí i, Bàbá."

Wọ́n ní, "Yóò rí i." Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ ò rí i pé mo tún purọ́ kejì! Bẹ́ẹ̀, Lèmọ́mù wá ní kí n jókòó sórí àpótí ẹni yẹn, kí n máa ṣírò oṣù fún ìlú. Lórí kí ni? Mi ò ní jókòó síbẹ̀. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo jàmáà. Ẹni tó bá sì fẹ́ torí ẹ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ kò wúlò, kó yáa pa ẹnu mọ́. Ìwé ò purọ́, èmi ni mo kánjú kà á. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ló dá bàbá láre, nígbà tí gbogbo Owódé ti dá wọn lẹ́bi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ṣé ilé bàbá ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láàárín àwọn tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí oṣù lé. Mo ti ṣírò ẹ̀, mo sì ti fi wákàtí kan kún un. Mo fẹ́ kí bàbá wà lórí àpótí wọn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gbójú sókè.