Ilé Tí Mo Fi Pamọ́ Sára Òkè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi dá sí i, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ìyá ọkọ mi àti àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa yóò wọ bọ́ọ̀sì ní Dagenham níbí lọ sí orí òkè kan ní Skọ́tílándì. Wọ́n fẹ́ lọ gbàdúrà kí n lè bímọ ní àlàáfíà. Oyún mi ti wọ oṣù rẹ̀, n ò lè bá wọn lọ. Ta ni wọ́n ń lọ gbàdúrà fún tí yóò tún máa sunkún? Ṣùgbọ́n èmi ni mo ya àwòrán ilé tí wọ́n ń lọ, mo sì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán ilé. Àtúnṣe ilé ìdáná àwọn ará Valence, àdúgbò wa níbí, ni mo máa ń rí ṣe jù, nítorí náà nígbà tí ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ra ilẹ̀ sórí òkè yẹn, tí wọ́n ní kí n ya ilé kékeré tí gbogbo ẹbí á ti máa sinmi, inú mi dùn gan-an. Èkìtì ni wọ́n bí Màámi, ìyá ọkọ mi, sí, láàárín àpáta, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ráhùn pé Dagenham tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ò rí òkè gùn gbàdúrà. Àwọn aláṣẹ àgbègbè òkè náà kìlọ̀ pé ilé wa ò gbọdọ̀ ba ojú òkè jẹ́. Mo ní kò burú. Òkúta inú ilẹ̀ náà ni mo ní kí wọ́n fi mọ ògiri. Mo ri ilé sínú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, mo ní kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ àti koríko bo òrùlé, kó bá ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé dọ́gba, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè rìn bọ́ sórí ilé láìmọ̀. Iwájú nìkan ni ilé ti ga, tí ògiri wá sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ sórí òkúta. Mo fẹ́ fi irin sí etí òrùlé, àwọn aláṣẹ ní yóò hàn láti ojú ọ̀nà, mo bá yọ ọ́ kúrò. Gbogbo ẹni tó rí ilé náà ló yìn mí.

Ìgbà Àjíǹde tó kọjá la kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Màámi wọ sùtánà funfun, wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí àwa aláṣọ funfun ti máa ń ṣe, wọ́n gun òkè lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Mo jáde láti wá wọn, mo rìn síwájú díẹ̀, mo yíjú padà, n ò rí ilé mọ́. Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi yà! Ohùn Dèjì, ọkọ mi, ni mo tẹ̀lé padà. Ó dúró sórí òkúta iwájú ilé, ó ń pariwo, "Màámi, ẹ máa bọ̀ níbí! Follow my voice, Màámi!"

Mo sáré wọlé láti mú ìkòkò tí mo máa lù. Bí mo ṣe dé ìdí sítóòfù tí a fi ń dáná igi, mo gbọ́ ohùn Màámi látinú páìpù èéfín. Wọ́n ń dárúkọ àwọn ọmọ wọn fún Ọlọ́run. Orí òrùlé ni wọ́n wà, wọ́n jókòó ti páìpù nítorí ó gbóná, wọn ò sì mọ̀ pé orí ilé ni. Mo wá gbọ́ tí wọ́n ní, "Mò ń bọ̀, Dèjì, mo ti gbọ́ ẹ." Ìsàlẹ̀ ògiri lọmọ wọn ti ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ohùn rẹ̀, orí òkúta ni wọ́n máa já sí. N ò ráyè sáré jáde. Mo ṣí ilẹ̀kùn sítóòfù, ooru iná ń jó mi lójú, mo ké sínú rẹ̀, "Jókòó! Má ṣe gbé ẹsẹ̀!"

Mo sáré lọ bo ọkọ mi lẹ́nu, a gba ẹ̀yìn ilé rákò gòkè. Màámi ti jókòó sẹ́bàá etí òrùlé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, Olúwa bá mi sọ̀rọ̀ látinú ilẹ̀. Ó ní kí n jókòó." Mo fà wọ́n kúrò ní etí òrùlé, a mú wọn wọlé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní River Road, gbogbo ìjọ jó. Nígbà tí mo sọ òótọ́ fún ọkọ mi, ó ní, "Leave it, jọ̀ọ́. Ṣé o fẹ́ ba testimony Màámi jẹ́ ni? Ẹnu ẹ l'Ọlọ́run lò." Mo ní kó jẹ́ ká fi irin síbẹ̀ o kéré tán, ó ní àṣẹ ò tíì dé. Mo sọ fún Màámi pé etí òrùlé yẹn léwu. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi sọ̀rọ̀.

Àná, Màámi gbé ọwọ́ lé ikùn mi, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní orí òrùlé yẹn gan-an làwọn àgbà máa ti gbàdúrà. Bí kùrukùru bá dé, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, kí wọ́n máa rìn, ohùn náà máa dá wọn dúró kí wọ́n tó dé etí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gba ẹ̀rí lẹ́nu ìyá arúgbó, kí wọ́n má lè wo ojú mi mọ́? Àbí kí n dákẹ́? Ohùn tèmi ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, Dagenham níbí ni mo sì máa wà.