Ìyá Mi Wà Lẹ́yìn Géètì Tí Ilé Ẹjọ́ Tì Pa

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, nítorí àárò ìyá mi ń sọ mí bí ẹni pé àná ló kú. Mo mọ ibi tí a sin ín sí. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń wọ̀ láti Crusher, àdúgbò tí mo ń gbé báyìí, lọ sí Felele, n ó sì débẹ̀, ṣùgbọ́n ihò ara géètì ni mo fi ń yọjú wo sàárè rẹ̀. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?

Èmi àti àbúrò mi, Bọ̀dé, nìkan ni ìyá wa bí. Bọ̀dé wà nílùú òyìnbó, ó ń bá àwọn arúgbó tọ́jú owó wọn níbẹ̀. Ohun tó ń fi ránṣẹ́ ni a fi kọ́ ilé sí Felele, tí èmi àti Ìyá jọ kó sí. Ẹ wo bí Ìyá ṣe máa ń fọwọ́ pa ògiri ilé yẹn, bí ẹni ń pa ọmọ lórí! Bọ̀dé fúnra rẹ̀ ló fẹ́ rí. Gbogbo Kérésì ló ń sọ pé òun ń bọ̀, kò sì wá.

Nígbà tí àìsàn dá Ìyá dúbúlẹ̀, àwọn ẹbí ti ń retí pé a ó gbé e lọ sílé ní Bùnú, kó lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ó ní rárá o. "Iwájú ilé Bọ̀dé ni kí o sin mí sí, lẹ́bàá géètì. Bó bá dé, èmi ni kó kọ́kọ́ rí kó tó wọlé." Àwọn ẹbí bínú, ṣùgbọ́n mo ṣe bó ṣe wí. Àràárọ̀ ni mo ń gbá ibẹ̀, tí mo ń kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Bùnú pé, "Òkun o, Ìyá."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ọ̀dà pupa dé, wọ́n fi kọ àṣẹ ilé ẹjọ́ sára ògiri, wọ́n ní kí n kó jáde, wọ́n sì ti géètì pa. Wọ́n ní Bọ̀dé ti ń kó owó àwọn arúgbó yẹn jẹ, pé ó ti wà lẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ òkè òkun kọ̀wé sí tiwa, tiwa sì pàṣẹ kí wọ́n gba ilé náà, kí wọ́n tà á, kí owó rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tí Bọ̀dé jà lólè. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, n kò mọ̀! N kò sì lè bínú sí wọn, nítorí àwọn arúgbó yẹn náà ní ọmọ. Ṣùgbọ́n mo bi lọ́yà pé, "Ìyá mi ńkọ́?" Ó ní adájọ́ gbà kí n hú u kí wọ́n tó ta ilé náà.

Àwọn ẹbí ní kí n gbé e wálé kíá. Bọ̀dé pè mí láti ẹ̀wọ̀n, ó ń sunkún: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá jáde, wọ́n á dá mi padà sílé. Ẹ jẹ́ kí n bá Ìyá níbi tó ti ní òun ń retí mi."

Lánàá, mo tún lọ. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní, "Mama, dem say make nobody enter. Greet am from there." Mo kí i láti ìta. Koríko ti fẹ́ bo sàárè náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹni tó bá ra ilé lè wó sàárè náà. Bí mo bá sì gbé e lọ, ta ni Bọ̀dé yóò bá lẹ́nu géètì?