Ikùn Méjì Nínú Ọkọ̀ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ sún mọ́ mi. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ìdí mi nìkan ti wúwo tó; àwọn tí yóò gbé pósí á kúkú bú mi.

Ọdún tí àwọn sójà ti bọ́dà pa ni. Kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì, Kérésìmesì sì ti dé tán. Èmi àti Dosi, ọ̀rẹ́ mi ará Ajido, bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọjà Kérésì ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bọ́dà. Oyún Dosi ti yọ dáadáa nígbà náà. Háà, Àjàṣẹ́! Ọyẹ́ bo àwọn ilé àtijọ́ bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ àlà bò wọ́n. Ìràwọ̀ oníbébà ń mì lórí ìsọ̀, òórùn búrẹ́dì gígùn ń fà wá nímú, aago ṣọ́ọ̀ṣì ń dún láti ibi tí ojú wa kò tó. Mo ń rìn bí ẹni tó ń lálàá. Níbẹ̀ ni mo ti rí léèsì kan, funfun bí ìfófòó òkun. Mo rà á, mo wé e mọ́ ikùn kí àwọn sójà má baà gbà á, mo wọ bùbá lé e. Dosi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Rónkẹ́, tìẹ tóbi ju tèmi lọ! Ìbejì ni àbí erinmi?” “Ìbẹta ni!” ni mo wí, mo ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ.

Nígbà tí a padà gúnlẹ̀, sójà kan wà ní èbúté. Ó wò mí, ó wo Dosi, ó fi Hausa sọ pé irọ́ ni ọ̀kan nínú ikùn méjèèjì. Èmi tí mo ti bá àwọn Hausa ta àlùbọ́sà gbọ́ ọ. Dosi kò gbọ́. Ẹnu tí mo fi ń jẹun yìí ni mo fi dá a lóhùn pé, “Tirẹ̀ ni. Aṣọ ló wà níbẹ̀.” Dosi bi mí pé, “Kí lo sọ fún un?” Mo ní, “Mo ń bá ẹ bẹ̀ ẹ́ ni.” Sójà ní kí Dosi máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí aṣọ náà yóò fi já bọ́. Ó ń ké pé, “Rónkẹ́, sọ fún un pé mo lóyún!” Mo dúró síbẹ̀, mo di léèsì mi mú. Ohun tó já bọ́ kì í ṣe aṣọ.

Títí dòní ni Dosi ń dúpẹ́ pé mo bẹ̀bẹ̀ fún òun. Ọmọbìnrin tó bí lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ mi ló sọ ọ́. Mo tún jó níbi ìkómọ náà, èmi aláìnítìjú, ìdí ńlá yìí ni mo ń jù kiri!

Ẹ̀yin èwe, ẹ má fi ọ̀rẹ́ yín bo àṣírí ara yín. Ẹ gbọ́, òun ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ má dí mi lẹ́nu o. Dosi, wọlé. N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ṣáà gbọ́ mi tán. Gbé ẹja yíyan tí o mú wá fún mi yẹn sílẹ̀ ná. O lè má fẹ́ fún mi mọ́.