Eérú Tí Mi Ò Fọwọ́ Kàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mo pa irọ́ kan nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Fìdítì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí mo fi jáde yunifásítì, tí mo sì ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìrántí ẹni tí mo purọ́ fún.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tíṣà wa ló ń kọ́ wa ní bàọ́lọ́jì. Ó fẹ́ràn ìta ju inú yàrá lọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí a bá jáde, ó máa ń kó àwa tí òbí wa bá gbà lọ sínú igbó. Á ní ká fọwọ́ pa èèpo igi, ká gbóòórùn ewé rẹ̀, ká tó dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá yára dárúkọ, á ní, "Ìwọ, o kàn há a sórí ni. Padà síbẹ̀." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ láti má gba ohun tí mi ò tíì yẹ̀ wò.

Ká tó padà sílé, a máa ń sun iṣu. A ó da omi sí iná náà, ẹnì kan á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ká tó wa erùpẹ̀ bò ó. Tíṣà fúnra rẹ̀ kì í kàn án. Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ ń fẹ́, koríko sì ti gbẹ. Èmi ni ó kàn. Wòlímọ̀ mi, ayẹyẹ pé mo ti ka Kùránì parí, ku ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ti lé làálì sọ́wọ́ méjèèjì. Ọmọ kíláàsì wa kan ní, "Tíṣà, ẹ fi í sílẹ̀ o, ìyàwó kì í kó eérú!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín.

Mi ò fẹ́ kí eérú ba làálì mi jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sí i bí ẹni ń kàn án. Mi ò kàn án.

"Ṣé ó ti tutù?"

"Ó ti tutù, sà."

"O fọwọ́ kàn án?"

"Mo kàn án, sà."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, iná ti jó oko ọsàn bàbá kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ Tíṣà ni bàbá yìí. Tó bá rí wa tí à ń kọjá, á kígbe pé, "Tíṣà, àwọn ọ̀bọ yín tún ti dé!" Lẹ́yìn náà á ká ọsàn fún wa.

Ó wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní iná wa ló jó òun. Tíṣà pè mí síwájú rẹ̀, ó tún bi mí. Mo tún ní mo kàn án.

Tíṣà ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ iná wa ni, ǹ bá ti dọ̀bálẹ̀ fún yín báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í purọ́."

Bàbá wò mí títí. Ó ní, "A jẹ́ pé èmi ni mò ń purọ́." Ó sì jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ohun tí mo mọ̀ dé. Mi ò lè búra pé eérú wa ló jó oko náà. Àwọn ọlọ́dẹ máa ń finá sí igbó nígbà ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi di ìyẹn mú. Ṣùgbọ́n iná náà bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí a jókòó sí, mi ò sì fọwọ́ kan eérú. Mi ò sọ èyí fún Tíṣà tàbí Bàbá, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fòfin de igbó lílọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ọ́fíìsì kan, níbi tó ti ń to fáìlì. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Mo ti la ẹnu láti jẹ́wọ́ nígbà tó ní, "Ọmọ mi, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé mi ò purọ́ fún Bàbá." Mo pa ẹnu dé.

Ó kú kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Mò ń gbé omi fún àwọn àlejò ní ilé rẹ̀ ní Ìlọràá nígbà tí Bàbá Ọlọ́sàn sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ti darúgbó, ó ń tẹ̀lé ọ̀pá. Ìyàwó Tíṣà, tí à ń pè ní Màmá, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ padà. Ọkọ mi sọ òótọ́ fún yín, ẹ pè é ní òpùrọ́. Kò gbádùn ìyókù ayé rẹ̀."

"Ìyàwó, mo wá kí yín ni. Mi ò bá òkú jà."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ máa lọ."

Ọlọ́kadà náà kò tíì lọ. Wọ́n tún gbé Bàbá gùn ún. Mo dúró níbẹ̀, ife omi tí mo fẹ́ gbé fún un wà lọ́wọ́ mi.

Màmá wá ní kí n sọ ìtàn iná náà níbi ìsìn ìrántí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé olóòótọ́ ni ọkọ òun. Olóòótọ́ ni lóòótọ́. Irọ́ mi ló gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìyẹn máa tu Màmá nínú, ẹni tó ti lé arúgbó kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nítorí mi. Bàbá ńkọ́? A jọ ń kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Mo máa ń kí i, ó sì máa ń dá mi lóhùn.

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ irọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tí màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tó ń ka èyí, ṣé Màmá ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, tàbí Bàbá? Tí Màmá bá sì sunkún, tó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Bàbá, ṣé mo lè gbọ́ràn sí i lẹ́nu?