Fíúùsì Tó Wà Nínú Àpò Gàníyù

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Mo ní kí ẹ bá mi gbé E ga, torí ọpẹ́ yìí ju ẹnu èmi nìkan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í jáde wá jẹ́rìí. Èmi ni Bàbá Tóbi, èmi ni mo ń mójú tó iná àti jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ tapólì. Bí iná bá lọ láàárín ìsìn, èmi lẹ máa ń yíjú wò. Bí iná bá dé, ẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Gbogbo yín lẹ mọ AC tó wà lókè pẹpẹ. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta léra wọn ló fi ń kán omi sí pásítọ̀ wa lórí. Pásítọ̀ á ní kí Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé wa, omi á bà lé àwọn fúnra wọn. Ẹ rẹ́rìn-ín o, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ìgbìmọ̀ wá ní kí n wá ẹni tí yóò tún un ṣe kí ìkórè tó dé, wọ́n sì júwe Gàníyù fún mi, ọmọ Muṣin, tó ń tún AC àti fíríìjì ṣe.

Kí n má parọ́ nílé Ọlọ́run, inú mi ò dùn. Mo ní ṣé kò sí onígbàgbọ́ kankan tó mọ AC ṣe mọ́ ni, tó fi jẹ́ pé mùsùlùmí la máa gbé gun pẹpẹ? Ọlọ́run, dárí jì mí.

Láàárọ̀ Sátidé tí Gàníyù fẹ́ wá, ìyàwó mi ló gbàdúrà nílé. Ó ní, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ wa ṣe ohun tí ẹnu wa ò ní lè ròyìn." Èmi ń wá ìbọ̀sẹ̀ mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àmín tí mo ṣe, kò tiẹ̀ dé ọ̀fun.

Gàníyù dé. Mo lè bí i lọ́mọ, àmọ́ ẹ wá wo ìwà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un tó fi bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pẹpẹ. Ó tẹ́ aṣọ sórí kápẹ́ẹ̀tì kí ìdọ̀tí má bàa bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú òun lọ síbi iná. Ó sọ súwíìsì AC yẹn kalẹ̀, ó yọ fíúùsì rẹ̀ tí iná ń gbà kọjá, ó jù ú sí àpò àyà rẹ̀, ó sì de bọ́tìnì lé e.

Mo ní, "Gàníyù, iná ò sí o. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti mú un lọ."

Ó ní, "Mo mọ̀, bàbá. Ìgbà tí kò bá sí gan-an ló máa ń pa èèyàn."

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Àbí ó rò pé a máa jí fíúùsì ni? Èmi tí mo ti ń di ohun ìní Ọlọ́run mú láti gbogbo ọdún yìí wá!

A jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun àkàbà lọ síbi ẹ̀rọ AC tó wà níta. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní bí iná tilẹ̀ ti lọ, díẹ̀ ṣì lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ki sukurudíráfà tí wọ́n fi rọ́bà bò lọ́wọ́ bọ̀ ọ́, mo sì gbọ́ "tàì!" Ha! Iná tó ti lọ láti àárọ̀! Ó tún fi ẹ̀rọ kékeré kan yẹ̀ ẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ń wo aago. Mo ní ṣé kí n bá a wá láítà, torí ẹni tó ń bá wa ṣe é tẹ́lẹ̀, iná láítà ló fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Gàníyù yíjú wò mí bí ẹni tó rí ejò. "Láítà kẹ̀? Bàbá, ẹ bá mi wá ọṣẹ." Ó po ọṣẹ títí ó fi hó, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára ọ̀pá tí gáàsì ń gbà díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ibi tí ọṣẹ ti máa hó sókè. Sùúrù yẹn sú mi. Mo wọlé lọ to àga.

Ará, Súrùlérè la wà o. Kí ọmọ ibí tó mọ A-B-D, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kígbe iná dé. Àwọn akọrin wà nínú ìdánrawò, gílóòbù kan tàn, gbogbo wọn pariwo, "Wọ́n ti mú un wá o!" Ẹsẹ̀ mi gbéra kí ọpọlọ mi tó mọ̀. Mo dé ibi iná, mo ń yẹ súwíìsì wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá gbogbo wọn wà lókè. Mo tiẹ̀ ń ráhùn, mo ní ta ló sọ ìkan kalẹ̀ níbí? Mo gbé e sókè.

Fáànù ń yí. Mo padà sídìí àga mi. Mo wo òkè pẹpẹ, AC ò dún. Mo ní kí ló wá ṣe èyí?

Ìgbà yẹn ni mo rántí.

Jésù! Mo sáré gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mi ò mọ̀ bóyá mo ń ké àbí mo ń gbàdúrà. Òkú ni mo ń sáré lọ bá. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Gàníyù wà lórí àkàbà, ọwọ́ méjèèjì nínú ẹ̀rọ, ó ń kọrin sí ara rẹ̀. Ó wo ojú mi.

"Iná ti dé ni?"

Mo di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú.

"Ẹ ti gbé súwíìsì yẹn sókè, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀ níbi tí fíúùsì wà. "Mo mọ̀ pé ẹ máa gbé e. Kò sẹ́ni tí kì í gbé e."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí mo lè bí, nínú omi ọṣẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fà mí dìde, ó ní kí n má dọ̀tí ara mi. Ó wá sọ fún mi pé bí ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣe kú nìyẹn, lọ́wọ́ onílé tó fẹ́ràn rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ fún un. Ó ní, "Ẹni yẹn ò burú, bàbá. Inú rẹ̀ kàn dùn pé iná dé ni."

Mo sunkún. Ẹ̀yin ará, àmín tí kò dé ọ̀fun mi láàárọ̀, Ọlọ́run ti gbọ́ ọ. Ó ti fi ìdáhùn rẹ̀ sínú àpò ọmọ Muṣin kan kí n tó ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá ni mo ń pe Gàníyù.

Ó tún AC náà ṣe. Ẹ wo pásítọ̀, orí wọn gbẹ. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ sí wa lára. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú afẹ́fẹ́ yìí. Ìyàwó Gàníyù ní ọkọ nílé lónìí, ọwọ́ tí mo gbé sókè yìí, ọwọ́ apànìyàn kọ́. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀!